Rọ́ọ̀gì ni Bàbá Kọ́kọ́ Gbé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a sin bàbá àgbà mi ní Àkúrẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ dán, ó nípọn, àwòrán sì kún inú rẹ̀. Ojú ìwé kẹta ni wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí. Bọ̀ọ̀dá Dépò, àbúrò ìyá mi, ló kọ ọ́. Ó ní Bàbá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ní olùfọkànsìn ni, ó ní ọkọ rere ni. Mo ka ibi tí wọ́n kọ "ọkọ rere" sí yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo ṣẹ́ ìwé náà po, mo fi ń fẹ́ ara mi, nítorí oòrùn ọjọ́ náà mú.

N kò bá Bọ̀ọ̀dá Dépò jà. A kì í jà lórí òkú níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá àti Màmá, ìyá àgbà mi, nítorí Kàdúná ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo wà nílé ní ọjọ́ tí omi wọlé. Ohun tí mo mọ̀ kò sí nínú ìwé ètò, òun ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ẹni tó bá mọ Bàbá ní Ìjọ̀kà, àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, Bàbá Oníkápẹ́ẹ̀tì ló mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ọmọdé àdúgbò rò pé ó ń tà wọ́n ni. Kò ta ẹyọ kan rí. Ó ń kó wọn jọ ni: rọ́ọ̀gì àtijọ́, àfọwọ́hun, irú èyí tí wọ́n ń hun ní ilẹ̀ Páṣíà. Bí àwọn ìyá ìjọ bá bi í pé níbo nìyẹn, á ní ibi tí Ẹ́sítérì ti jẹ ayaba ni. Mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí wọ́n pọ̀ jù.

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e pàdé wọn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, oríṣiríṣi àjèjì rọ́ wá láti la ọ̀nà àti láti kọ́ ilé. Bàbá ni olùtọ́jú ẹrù àwọn ilé tí ìjọba fi wọ́n sí ní Alágbàká: àga, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, kọ́tìnnì. Ẹnjiníà kan tó ti Páṣíà wá ń múra àtipadà sílé, ó sì ní rọ́ọ̀gì pupa kan tí kò lè gbé wọ ọkọ̀ òfurufú. Bàbá ti mú bírò láti kọ ọ́ mọ́ aṣọ ìnulẹ̀. Ọkùnrin náà rọra gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú rọ́ọ̀gì náà bolẹ̀, ó fi àwọn kókó òwú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn án, kéékèèké bí ọkà bàbà. Ó ní ọwọ́ ènìyàn ló ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní ọmọbìnrin kan lè lo ọdún mẹ́ta lórí ẹyọ kan. Ó ní èyí tí ẹ̀rọ bá hun, ńṣe ni wọ́n máa ń rán òwú etí mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n bá hun ún tán, ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ hun, òwú tó yọ létí rẹ̀ yẹn gan-an ni egungun rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọ̀sán mẹ́ta ni ó fi kọ́ Bàbá kí ó tó lọ, ó sì fi rọ́ọ̀gì pupa náà sílẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ ọkùnrin yẹn nípa wíwo ẹ̀yìn di gbólóhùn Bàbá. Ó ń lò ó fún rọ́ọ̀gì, ó ń lò ó fún ìgbìmọ̀ ìjọ, ó ń lò ó fún olóṣèlú tó bá wá pín ìrẹsì. Ìyá mi sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí bàbá tó bí mi kọ́kọ́ wá kí wọn, Bàbá ní kí ó dìde, kí ó kọ ẹ̀yìn sí òun. Ó wò ó láti ọrùn dé gìgísẹ̀, ó ní kí ó padà jókòó, kò sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn tí àlejò lọ ni ó wá sọ ọ́ fún ìyá mi bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo wa:

"Ojú a máa purọ́. Ẹ̀yìn ni kí o wò."

Àwọn tó kù, díẹ̀díẹ̀ ni ó rí wọn. Ó rí méjì nígbà tí àwọn àjèjì Alágbàká ń palẹ̀ mọ́. Ó rí ọ̀kan lọ́wọ́ Àlájì kan ní Ṣáṣá tó ti ń kírun lórí rẹ̀ títí ibi orúnkún fi dán. Ṣùgbọ́n Oǹdó ni ìgbẹ́ ọdẹ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Oǹdó ni Màmá. Ní ìlú wọn, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣòwò kòkó kọ́ nígbà tí kòkó ń mówó wọlé, wọ́n sì ra ohun òkè òkun sínú wọn. Àwọn tó rà á ti kú. Àwọn ọmọ ọmọ wọn kò mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bàbá á wọlé, á kí wọn, á béèrè omi mímu, ojú rẹ̀ á sì ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Màmá obìnrin kú. Gbogbo wa lọ sí Oǹdó fún ìsìnkú. Bí wọ́n ṣe ń gbé pósí jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò rí Bàbá mọ́. Màmá dúró létí sàréè, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo ẹ̀gbẹ́, èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú. Nígbà tí a padà délé ni Bàbá dé, eruku bo ṣòkòtò rẹ̀, rọ́ọ̀gì kan tí wọ́n ti fi ń bo iṣu fún ọ̀pọ̀ ọdún wà ní èjìká rẹ̀. Ó gbọ́ lẹ́nu ìdílé kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà pé wọ́n fẹ́ sun ún níná, ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tú u sílẹ̀ ní àárín àwọn ọlọ́fọ̀, ó ń fi ibi tí aró ẹ̀lú inú rẹ̀ kò tíì ṣá hàn wọ́n. Màmá wò ó títí ó fi parí. Kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni a wá sin," ló wí. "Ẹrù lẹ wá gbé."

Nínú yàrá ìgbàlejò wa ní Ìjọ̀kà, a kì í jẹun. A kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Bí o bá fẹ́ ti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, o ní láti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, kí o má baà tẹ ibi tó ti fẹ́lẹ́ lára àwọn rọ́ọ̀gì tí Bàbá tẹ́ síbẹ̀. Mo ti mọ ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè dijú rìn ín. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé onílé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹsẹ̀ mi ń wá.

Bàbá ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń dáko ní Ìgbàrà-Òkè. Oko ẹ̀gbọ́n yìí ló rán Bàbá níléèwé lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ní ọdún kan, ó gbé iṣu wá fún wa ní ìgbà òjò, ẹrẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Bàbá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí ó lọ fọ ẹsẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Ìgbàrà fọ ẹsẹ̀. Nígbà tó padà dé, Bàbá wo àtẹ́lẹsẹ̀ náà, bó ṣe la bí ilẹ̀ ọ̀dá, ó sì gbé àga fún un ní ìta. Màmá bínú, ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ náà jáde, ó lọ bá ọkùnrin náà jókòó. Bàbá Ìgbàrà jẹun tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì, ó sọ gbólóhùn kan fún àbúrò rẹ̀, láìyọ ìbínú sí i, kò sì tún wá mọ́ láyé rẹ̀:

"Ẹsẹ̀ yìí ló bọ́ ọ. Òun lo ní kó má wọ ulé rẹ."

Bí mo bá ní n kò fẹ́ràn Bàbá, irọ́ ni mo pa. Ní ìgbà ọyẹ́, òun àti èmi máa ń kó àwọn rọ́ọ̀gì jáde sá, a máa ń fi igi gbọn eruku wọn, a máa ń fi káńfọ̀ sáàárín wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ìgbà yẹn ni ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ó fi ibì kan hàn mí nínú rọ́ọ̀gì pupa ẹnjiníà, níbi tí pupa náà ti yí padà díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bu omi sí i. Ó ní ibẹ̀ ni òwú ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ń hun ún, tó lọ pa òmíràn láró, tí aró náà kò sì bára mu. Ó fi ìka rẹ̀ lé ibẹ̀. Mo rí i tí omi gba ojú rẹ̀ nítorí ọmọbìnrin tí kò rí rí, ní ìlú tí kò dé rí.

"Ẹni tó hun èyí ti kú," ló wí. "Kò mọ̀ pé mo wà láyé."

Màmá jókòó lórí àpótí nítòsí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún fún oṣù mẹ́ta ní àkókò yẹn, Bàbá kò sì tíì bi í pé kí ló ṣe é. Kò gbójú sókè.

"Èmi mọ̀ pé ẹ wà," ló dá a lóhùn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni rọpárọsẹ̀ mú Màmá ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n kò lè dá rìn. A gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn.

Mo ti pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí omi wọlé. Àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, mo wà nílé. Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò sì dá. Lẹ́yìn ọ̀sán, odò Àlà kún, ó ya bo àdúgbò. Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé, ó dúdú, ó ń gbé bàtà àti ike lọ. Bàbá pè mí. Mo rò pé Màmá ni a fẹ́ gbé. Ó ti ń ká rọ́ọ̀gì.

Mo ní, "Bàbá, Màmá ńkọ́?"

Ó ní, "Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Bẹ́ẹ̀dì ga. Di ibẹ̀ mú."

Mo di ibẹ̀ mú. Ènìyàn méjì ló ń gbé ẹyọ kan, nítorí irun àgùntàn ni wọ́n, bí wọ́n bá sì ti mu omi, bí òkú ènìyàn ni wọ́n ń wúwo. A gbé àkọ́kọ́ gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀. A gbé ìkejì. Omi ti dé orúnkún mi nígbà tí a gbé ìkẹfà, ìgbà náà ni mo gbọ́ Màmá. Orúkọ mi ló ń pè, kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. "Bọ́lá." Mo dúró. Mo wo ojú Bàbá. Ó ní, "Ó ku mẹ́ta." Mo tẹ̀ ba, mo sì gbé ìkeje.

N kò ní sọ pé mo jẹ́ ọmọdé. N kì í ṣe ọmọdé. Agbára mi tó Màmá í gbé. Ẹ̀rù Bàbá ló ń bà mí, ìfẹ́ tí mo ní sí Màmá kò sì borí ẹ̀rù náà ní ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí a gbé ìkẹsàn-án tán tí a wọ yàrá rẹ̀, kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀, ó ṣubú. Ó jókòó sílẹ̀, omi mu ún dé àyà, ó fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. A gbé e gun òkè. Yàrá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí ó ní bẹ́ẹ̀dì, orí bẹ́ẹ̀dì náà ni a sì kó àwọn rọ́ọ̀gì jọ sí. Nítorí náà orí sìmẹ́ńtì lásán ni a kọ́kọ́ tẹ́ Màmá sí, òun nìyẹn tí ó ń gbọ̀n, tí omi ń ro lára rẹ̀, kí n tó ráyè ti àwọn rọ́ọ̀gì náà bọ́ sílẹ̀. Ó wò wọ́n bí mo ṣe ń tì wọ́n. Lẹ́yìn náà ó wo Bàbá.

"Ṣé wọ́n gbẹ?" ló béèrè.

Òtútù wọ̀ ọ́ láyà, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù. Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò padà sí Ìjọ̀kà. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan sì fi ọkọ̀ wá gbé e lọ sí ilé bàbá wọn ní Oǹdó. Bàbá rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ó ń sọ fún àwọn tó bá béèrè pé Màmá lọ sinmi. Oṣù mẹ́rìnlá kọjá.

Nígbà tí ó yá, Bàbá ká rọ́ọ̀gì pupa ẹnjiníà, àkọ́kọ́ gbogbo wọn, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ kàn rí. Òun àti èmi gbé e lọ sí Oǹdó. Màmá jókòó sí àgbàlá nínú oòrùn. Bàbá kò kí i dáadáa. Ó tú rọ́ọ̀gì náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní òun gbé e wá fún un.

Màmá wò ó pẹ́. Àkókò kòkó ni. Ó pe ọmọ àbúrò rẹ̀, ó fi èdè Oǹdó sọ fún un pé kí ó gbé agbọ̀n kòkó wá, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà gbé e dé, ó wo rọ́ọ̀gì, ó wo Bàbá. Màmá ní kí ó dà á síbẹ̀. Ó dà á. Kòkó náà tutù, ó ń yọ̀, omi rẹ̀ ń ro sínú irun àgùntàn, òórùn kíkan rẹ̀ gba àgbàlá kan.

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ wọ́n, n kò gbọ́ kí Màmá pe ọkọ rẹ̀ ní "o" rí. Ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ọ.

"Jókòó," ló wí fún un. "Máa yí i."

Bàbá jókòó sílẹ̀. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ń fi ọwọ́ yí kòkó lórí rọ́ọ̀gì rẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wọ bọ́ọ̀sì lọ, ó tún yí kòkó. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí kòkó fi tán lọ́dún náà. Màmá kì í bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á fún un ní oúnjẹ, wọ́n á fún un ní omi, á jẹ, á mu, á padà sí Àkúrẹ́. Màmá kú ní ilé bàbá rẹ̀ ní ọyẹ́ ọdún kejì. Kí ó tó kú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí ji Bàbá. Mo mọ̀ pé ara mi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó fọwọ́ kan orí mi. Ó ní kò sí ohun tí mo fi ṣẹ òun. Ní ti ọkọ rẹ̀, ó ní:

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé rẹ̀ ni mo ti ń dárí jì í. Ó ti rẹ̀ mí."

Rọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló kù ní Ìjọ̀kà. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, Bọ̀ọ̀dá Dépò kó gbogbo wọn lọ sí Èkó. Ìyá mi ní òun kò fẹ́ ìkankan nínú wọn, èmi náà kò fẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù, ó ní èyí tó tóbi jù gùn ju pálọ̀ òun lọ, pé òun ti ní kí wọ́n gé etí rẹ̀ kan kí ilẹ̀kùn lè máa ṣí dáadáa. Mo dúró de ẹ̀dùn ọkàn. Kò wá. Mo kí i kú iṣẹ́.

Èmi ni mo tọ́jú Bàbá ní oṣù tó lò kẹ́yìn. Lẹ́yìn tí Màmá kú, bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ omi yẹn, ohun tí ó máa ń sọ ni pé òjò ń lu páànù, pé òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ fún àlùfáà. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ ọ́, n kò sì já a nírọ́ rí, nítorí irọ́ náà bò mí mọ́lẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Ó gbá ọwọ́ mi mú kí ṣíbí tó dé ẹnu rẹ̀.

"O lè kọ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Kí ló dé tí o ò kọ̀?"

Inú bí mi, mo dá ṣíbí padà sínú abọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu."

Ó ní òun mọ̀. Ó pa ojú dé. Mo rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ni ó la ojú.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pè ọ́," ló wí. "Mo kà á."

"Èmi náà kà á, Bàbá."

Ó mi orí. Mo bu ẹ̀kọ míràn sí ṣíbí, ó la ẹnu, ó gbé e mì. Ní ọjọ́ kẹta ni ó kú.